Kí ẹ tó wo yàrá inú ọkọ̀, ẹ kọ́kọ́ béèrè ibi tí omi dé

Ìbéèrè náà rèé, bí ó ṣe dé ọ̀dọ̀ mi:

"Ẹ káàsán o. Olùkọ́ fẹ̀yìntì ni mí, Ìjẹrù ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni ilé wa wà. Lọ́dún tó ń bọ̀, èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi yóò pé ogójì ọdún tí a ti ṣègbéyàwó. Àwọn ọmọ tó wà lókè òkun dá owó jọ, wọ́n ní àwọn fẹ́ kí a wọ ọkọ̀ ojú omi kékeré kan tí ń gba inú odò igbó ńlá kọjá, kí a fi ọjọ́ méje wo ẹranko. Wọ́n ti fi àwòrán ránṣẹ́: yàrá tí gíláàsì rẹ̀ ga láti ilẹ̀ dé àjà, ibùsùn funfun nini. Ó wù mí, ó sì ń bà mí lẹ́rù, nítorí n kò lè lúwẹ̀ẹ́. Ọdẹ ni bàbá mi nígbà ayé wọn, ẹran ìgbẹ́ kì í ṣe ohun tuntun lójú mi. Ṣé lóòótọ́ ni a ó rí ẹranko níbẹ̀, àbí omi àti ewé nìkan? Odò wo ni kí a mú, oṣù wo sì ni kí a lọ? Bàbá ti pé ẹni ọdún 71, orúnkún ń dùn wọ́n."

Màmá, ẹ kú oríire. Ogójì ọdún lọ́ọ̀dẹ̀ ọkọ kì í ṣe ọjọ́ kan, Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ẹ̀yin méjèèjì jọ jẹ èrè rẹ̀ pẹ́. Ìsọ̀kùn níbí, ní Ọ̀yọ́, ni mo ti ń kọ èsì yìí. Iṣẹ́ amọ̀nà ni mo ń ṣe. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi mú èèyàn wọ ọgbà ẹranko Ọ̀yọ́-Ilé kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn arìnrìn-àjò tiwa lọ sí odò Amazon àti sí erékùṣù Borneo, nítorí náà ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Ẹ ó rí ẹranko. Ìyẹn dá mi lójú. Ṣùgbọ́n yàrá onígíláàsì kọ́ ni yóò fi wọ́n hàn yín, iye owó tí àwọn ọmọ san kọ́ sì ni. Bí omi ṣe ga tó lóṣù tí ẹ bá lọ ni. Lórí odò inú igbó, omi ni ọ̀gá. Òun ló ń pinnu ọ̀nà tí ọkọ̀ lè gbà, òun ló ń sọ bóyá ọ̀bọ yóò wà ní tòsí yín tàbí kí ó di ohun tí ẹ ń wò lókèèrè, òun náà ló ń sọ bóyá ẹsẹ̀ bàbá yóò tẹ ẹrẹ̀ tàbí kò ní í tẹ̀ ẹ́. Àgbẹ̀ kì í sọ àgbàdo sílẹ̀ láìwo ojú ọ̀run. Kí àwọn ọmọ má ṣe san owó ọkọ̀ láìbéèrè ọ̀rọ̀ omi.

Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́ mọ Odò Ọbà. Lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀ ó máa ń fà. Tí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, á kún dé bèbè. Ẹ mú ìyàtọ̀ yẹn, kí ẹ wá fi ojú inú sọ ọ́ di ńlá. Ní ìlú Manaus ní Brazil, wọ́n ti ń wọn gíga odò Negro láti ọdún 1902. Láàrin ọdún kan ṣoṣo, omi náà máa ń gòkè tó nǹkan bíi mítà 10 kí ó tó padà wálẹ̀, ìyẹn ni pé ó ga tó ilé alájà mẹ́ta. Ní oṣù kẹfà ọdún 2021, òṣùwọ̀n ibẹ̀ ka mítà 30.02, kò sí ìgbà kan tí ó ga tó bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, ó já wálẹ̀ dé mítà 12.11, kò sì sí ìgbà tí ó fà tó bẹ́ẹ̀ rí. Odò kan náà ni, ìlú kan náà ni, èbúté kan náà ni.

Nígbà tí omi bá ga, á kọjá bèbè, á wọ inú igbó lọ fún ọ̀pọ̀ kìlómítà, àwọn igi á sì dúró sínú rẹ̀ fún oṣù mélòó kan láìkú. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kékeré tí ìyá ọkọ̀ ń gbé kiri ti ń wúlò. Atukọ̀ á pa ẹ́ńjìnnì, á mú àjẹ̀, ẹ ó sì máa yọ́ lọ láàrin igi bí ẹni ń rìn nínú oko kòkó. Màmá, ẹ rántí bí bàbá yín ṣe máa ń gbé ojú sókè wo ẹ̀dun lórí ìrókò títí ọrùn á fi máa dùn wọ́n. Lásìkò tí mò ń wí yìí, omi ti gbé yín dé ìdajì igi. Èso tí ọ̀bọ ń já jẹ kò jìnnà sí fìlà bàbá mọ́.

Abẹ́ omi gan-an kò dákẹ́. Ẹja kan wà tí wọ́n ń pè ní tambaqui, eyín rẹ̀ tẹ́jú bí èyí tí àwa fi ń run egungun. Tí èso igi rọ́bà bá já sómi, á gbé e, á fọ́ ọ jẹ. Èso ni oúnjẹ ẹja yìí lásìkò ìkún omi, àwọn kóró tí kò bá fọ́ ni ó sì ń gbé nínú lọ hù níbi tí ẹni kankan kò gbìn wọ́n sí. Dọ́fínì odò náà máa ń lépa ẹja wọ àárín igi. Ẹran omi ni, ó tóbi ju èèyàn lọ, ara àwọn akọ tó ti dàgbà pupa fẹ́ẹ́rẹ́ bí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ tuntun. Egungun ọrùn rẹ̀ kò lẹ̀ pọ̀ bíi ti ọ̀pọ̀ dọ́fínì òkun, ìdí nìyẹn tí ó fi lè yí orí sọ́tùn-ún sósì láàrin gbòǹgbò. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ tí ó mí lẹ́yìn mi nínú òkùnkùn igbó yẹn, mo rò pé èèyàn ló mí kanlẹ̀.

Tí omi bá fà, nǹkan á yàtọ̀. Iyanrìn á yọ létí odò, ẹsẹ̀ á lè rìn nínú igbó, ẹja á há sínú adágún kéékèèké, àwọn ẹyẹ apẹja á sì dà bò wọ́n. Ìbátan ọ̀nì tí wọ́n ń pè ní kéémánù á tò sórí iyanrìn bí ìtì igi. Ẹni tí ara rẹ̀ le, tó fẹ́ràn ìrìn, yóò gbádùn àsìkò yìí, n kò ní bù ú kù. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọ̀nà omi kéékèèké á ti pa dé, igi á sì tún ti ga kúrò lọ́dọ̀ yín.

Èsì mi fún ẹ̀yin méjèèjì nìyí: Peru ni kí ẹ lọ, ní oṣù kẹrin tàbí oṣù karùn-ún, nígbà tí omi wọn wà lókè. Orúnkún bàbá kò ní í jìyà, torí láti inú ọkọ̀ ni ẹ ó ti rí ohun tó pọ̀ jù. Òjò yóò pa yín lọ́jọ́ kan tàbí méjì, ẹ̀fọn á sì pọ̀ díẹ̀. Ẹ gbà á bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ pé igbó ọba Pacaya-Samiria ni kí ọkọ̀ náà wọ̀. Ó fẹ̀ ju 20,000 kìlómítà níbùú lóròó lọ, ó tó ìlọ́po mẹ́jọ ọgbà ẹranko Ọ̀yọ́-Ilé tiwa tó jẹ́ 2,512. Àárín odò méjì ló wà, Marañón àti Ucayali, tí wọ́n pàdé nítòsí ìlú kékeré Nauta. Láti ibi ìpàdé yẹn lọ ni àwọn ará Peru ti ń pe odò náà ní Amazon.

Iquitos ni ìlú tí ẹ ó balẹ̀ sí. Ìlú ńlá ni, síbẹ̀ kò sí ọ̀nà mọ́tò tó so ó pọ̀ mọ́ ìyókù Peru. Ọ̀nà títì kan tó tó 100 kìlómítà ló jáde níbẹ̀, Nauta sì ni ó parí sí. Bàálù láti Lima tàbí ọkọ̀ ojú omi, kò sí ìkẹta. Ìlú náà jìnnà sí òkun Àtìláńtíìkì ní ohun tó ju 3,000 kìlómítà lọ, ṣùgbọ́n ilẹ̀ rẹ̀ kò ga ju òkun lọ ju nǹkan bíi mítà 100. Ẹ wò ó bí ilẹ̀ yẹn ṣe tẹ́jú tó. Omi náà kò ní ibi tí ó ń sáré lọ, ìgbì òkun kò sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìyá ọkọ̀ kì í fì, tí èébì ojú omi sì ṣọ̀wọ́n níbẹ̀. Ní ti ẹ̀rù tó ń bà yín, Màmá, mo rí àwọn tó di irin ọkọ̀ mú lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n sì ń fi ọwọ́ kan omi lọ́jọ́ kẹta. Wíwọ ẹ̀wù amúniléfòó kì í ṣe ìtìjú. Gbogbo wa la máa ń wọ̀ ọ́ nínú ọkọ̀ kékeré, amọ̀nà pẹ̀lú. Ọkọ̀ tí wọn kò bá ti pàṣẹ pé kí ẹ wọ ẹ̀wù náà, ẹ má ṣe bọ́ sínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọjọ́ kan ṣe ń rí, kí ọ̀rọ̀ yàrá onígíláàsì lè yé àwọn ọmọ. Nǹkan bí aago márùn-ún àbọ̀ ìdájí ni wọ́n á kan ilẹ̀kùn. Ẹ ó mu tíì gbígbóná, ẹ ó sọ̀ kalẹ̀ sínú ọkọ̀ kékeré, ẹ ó sì wà lórí omi nígbà tí ilẹ̀ bá ń mọ́, torí ìgbà yẹn ni ẹyẹ ń jáde, tí ọ̀bọ ń wá oúnjẹ àárọ̀. Tí oòrùn bá ti mú, gbogbo ẹranko á wọ ibòji, ẹ̀yin náà á padà wá jẹun, ẹ ó sùn. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ẹ tún jáde. Lálẹ́, tí ẹ bá fẹ́, amọ̀nà á mú tọ́ọ̀ṣì, á tàn án sí etí omi, ojú kéémánù á sì máa pọ́n bí ẹyín iná nínú ewé. Nígbà tí ẹ bá wà nínú yàrá yẹn, yálà ẹ ń sùn ni tàbí ẹranko ń sùn. Kí owó ìyàtọ̀ yàrá má ṣe jẹ́ èyí tí yóò dín ìrìn ọkọ̀ kékeré kù.

Ojú kọ́ ni a fi ń kọ́kọ́ rí ẹranko nínú ẹgàn, etí ni. Ọmọ ọdẹ ni yín, ẹ mọ èyí ju ọ̀pọ̀ àwọn tí ẹ ó jọ wọ ọkọ̀ lọ. Àwọn tó ń wá láti ìlú ńláńlá máa ń sọ̀rọ̀ tí ẹ̀ka igi kan bá mì, wọ́n á nà án níka, ẹranko á sì lọ. Ọdẹ ilé wa tó ń sun ìjálá mọ ẹranko kọ̀ọ̀kan débi pé ó ní oríki tí ó fi ń kì í, ó mọ ohùn rẹ̀, ìrìn rẹ̀ àti ohun tó ń jẹ. Irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ló wà lọ́wọ́ àwọn amọ̀nà tó dára ní Pacaya-Samiria. Púpọ̀ nínú wọn ni wọ́n bí sí abúlé etí odò náà. Mo ti jókòó ti ọ̀kan nínú wọn tó na ọwọ́ sí igi kan tí èmi kò rí nǹkan kan lórí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Nígbà tí mo wá rí i, ẹranko náà ti ń wò wá láti ìgbà tí a dé.

Ẹranko tí ń lọ́ra yẹn, tí àwọn Òyìnbó ń pè ní sloth, ni mo fẹ́ kí ẹ wá. Ewé ni ó ń jẹ, ewé kò sì fún un ní agbára púpọ̀, nítorí náà gbogbo ìṣesí rẹ̀ ló rọra. Nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni ó máa ń sọ̀ kalẹ̀ látorí igi, kìkì láti yàgbẹ́. Síbẹ̀ tí ó bá bọ́ sínú omi, ó mọ̀ ọ́n wẹ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹyẹ kan tún wà, hoatzin, tí mo fẹ́ràn ju odídẹrẹ́ aláwọ̀ mèremère ibẹ̀ lọ. Ó tó adìyẹ, ó ní ìyẹ́ ṣónṣó lórí, ewé ni òun náà ń jẹ, inú àpò ọ̀fun rẹ̀ sì ni ewé náà ti ń kan bí ògì kí ó tó dà, ìdí nìyẹn tí ara rẹ̀ fi ń rùn. Ọmọ rẹ̀ ní èékánná lápá. Tí àṣá bá dé, ọmọ náà á já bọ́ sómi, á wẹ̀, á tún fi èékánná yẹn gun igi padà sí ìtẹ́. Ẹ ó gbọ́ ọ̀bọ tí ohùn rẹ̀ ń bú bí ìjì láti kìlómítà mélòó kan, ẹ ó rí àwọn kéékèèké tí ń fò láti igi dé igi bí ọmọ ilé-ìwé tí agogo ṣẹ̀ṣẹ̀ lù fún. Nínú adágún tó dákẹ́, ẹ ó bá òṣíbàtà tí ewé rẹ̀ fẹ̀ ju mítà kan ààbọ̀ lọ. Òdòdó rẹ̀ funfun lálẹ́ ọjọ́ kìíní. Kòkòrò á wọ inú rẹ̀, á pa dé mọ́ ọn, nígbà tí ó bá máa ṣí lálẹ́ ọjọ́ kejì, ó ti di pupa fẹ́ẹ́rẹ́, kòkòrò náà á sì gbé àtíkè òdòdó lọ síbòmíràn.

Ohun tí ẹ kò ní í rí náà yẹ kí n sọ. Kò sí erin ní Amazon, kò sí ẹfọ̀n, kò sí kìnnìún. Igbó kìjikìji kò rí bí ọ̀dàn. Orí igi ni ọ̀pọ̀ ẹranko rẹ̀ ń gbé, wọn kò sì tóbi. Jágúà tó jẹ́ ìbátan ẹkùn wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣèlérí pé òun yóò fi hàn yín lórí odò yìí ń tan yín jẹ. Ẹni tí jágúà ni ó ń wá, Pantanal ni kí ó lọ, ní ìhà ìwọ̀-oòrùn Brazil lọ́hùn-ún, lórí odò Cuiabá láàrin oṣù keje sí oṣù kẹwàá. Àbàtà gbalasa ni ibẹ̀, kì í ṣe ẹgàn.

Àwọn ọmọ lè sọ pé Manaus ló rọrùn fún wọn. Kò burú. Omi odò Negro dúdú bí àgbo, ohun tó sọ ọ́ dúdú náà ni ó ń sọ àgbo dúdú: ewé àti èèpo igi tó rẹ sínú omi fún ìgbà pípẹ́. Omi yẹn kan, ìdin ẹ̀fọn kò fẹ́ràn rẹ̀, nítorí náà ẹ̀fọn kò pọ̀ lórí rẹ̀, ìtura ńlá sì nìyẹn. Nítòsí Manaus ni ó ti pàdé odò Solimões tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ pẹ̀lú ẹrẹ̀ òkè Andes. Òtútù àti eré omi méjèèjì kò dọ́gba, wọ́n sì máa ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn fún nǹkan bíi kìlómítà 6 kí wọ́n tó dà pọ̀. Ṣùgbọ́n oṣù ibẹ̀ yàtọ̀ sí ti Peru. Nǹkan bí oṣù kẹfà ni omi Manaus máa ń ga jù, oṣù kẹwàá ni ó máa ń fà jù.

Oṣù kẹwàá ni mo sì mú èèyàn mẹ́sàn-án lọ síbẹ̀ lọ́dún 2023. Ilé iṣẹ́ tó gba owó wa mọ̀ pé omi ti ń sá, wọn kò sọ fún mi, èmi náà kò sì tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ náà bó ti yẹ. Àwọn erékùṣù Anavilhanas, tí wọ́n tó nǹkan bí irínwó, tí ọkọ̀ kékeré ń yọ́ gba àárín wọn kọjá, iyanrìn gbígbẹ la bá. Ìyá ọkọ̀ dúró lókèèrè. Ọjọ́ mẹ́ta nínú mẹ́fà ni a fi jókòó wo ooru. Lásìkò yẹn náà, ní adágún Tefé lókè odò Solimões, omi gbóná kọjá 39 lórí òṣùwọ̀n Celsius, òkú dọ́fínì tó léfòó sì ju ọgọ́rùn-ún lọ. Àwọn tí mo kó wá wo dọ́fínì ń bi mí léèrè lálẹ́, n kò mọ ohun tí mo lè wí. Láti ìgbà náà, n kò gba owó ẹnikẹ́ni lọ sí Manaus láàrin oṣù kẹsàn-án sí oṣù kọkànlá.

Tí ó bá jẹ́ erin ló wu bàbá, ẹ gbé ọ̀rọ̀ Amazon tì, ẹ lọ sí odò Kinabatangan ní Sabah, Malaysia, lérékùṣù Borneo. Odò náà gùn tó 560 kìlómítà. Ilé àlejò etí odò ní abúlé Sukau tàbí Bilit ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń sùn, wọ́n á sì máa fi ọkọ̀ kékeré jáde láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Erin ibẹ̀ kéré sí tiwa. Ìnàkí pupa tí wọ́n ń pè ní orangutan wà níbẹ̀, ìbátan àtíòro wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀bọ onímú gígùn tí imú akọ rẹ̀ ń ṣubú bo ẹnu. Ìrọ̀lẹ́ ni àwọn ọ̀bọ wọ̀nyí máa ń wá sun orí igi etí odò, nítorí náà ẹni tí kò lè jí ní kùtùkùtù pàápàá yóò rí wọn. Oṣù kẹrin sí oṣù kẹwàá ló dára. Ìkún omi oṣù kejìlá àti oṣù kìíní máa ń le níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìdí tí ẹranko fi pọ̀ létí odò yẹn ń dùn mí, n kò sì lè sọ̀rọ̀ ibẹ̀ kí n má sọ ọ́. Igbó náà ti ṣẹ́ kù bí ìgbànú tín-ínrín lẹ́bàá omi. Lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀pẹ ni lọ súà títí ojú kò fi tó o mọ́. Ẹranko kò ní ibòmíràn tí yóò sá sí. Ọ̀pẹ yìí kan náà ni tiwa, ìhà ilẹ̀ wa ní Áfíríkà ló ti lọ. Ní ọdún 1848, igi mẹ́rin péré ni wọ́n gbìn sí ọgbà Bogor ní erékùṣù Java, nígbà tó sì di 1917 wọ́n ti dá oko ọ̀pẹ ìṣòwò sílẹ̀ ní Malaysia. Mo jókòó nínú ọkọ̀ ní Sukau, mo ń wo igi tí ìyá mi fi epo rẹ̀ tọ́ mi, erin mẹ́ta sì dúró sí àlàfo kékeré tó kù láàrin oko àti omi, wọ́n ń jẹ esùsú. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ lọ síbẹ̀ pé kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ ilé àlejò bóyá ó ń ná owó lórí títún igbó etí odò gbìn. Àwọn kan ń ṣe é. Àwọn yẹn ni kí owó yín lọ bá.

Kí ẹ tó lọ síbikíbi, ẹ dán omi wò nílé. Ọgbà Ọ̀yọ́-Ilé tiwa dára, mo sì nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀dàn ni, mọ́tò àti ẹsẹ̀ la fi ń wo ibẹ̀. Fún ti omi, ẹ wá ọjọ́ Sátidé kan, kí ẹ gba Ìṣẹ́yìn lọ sí adágún Ìkéré Gorge, níbi tí wọ́n ti sé Odò Ògùn. Ẹ mú ẹ̀wù amúniléfòó tiyín dání, ẹ bẹ atukọ̀ kí ó gbé yín káàkiri fún wákàtí kan ní àárọ̀, nígbà tí afẹ́fẹ́ kò tíì dìde. Tí àyà yín kò bá já ju bó ti yẹ lọ nínú ọkọ̀ yẹn, odò Amazon kò ní í ṣe yín ní nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ físà: kí ó jáde kí ẹ tó san owó ọkọ̀, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Àjẹsára ibà pọ́njú: ó kéré tán, kí ó ku ọjọ́ mẹ́wàá kí ẹ tó gbéra. Láti 2016, ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ títí ẹ̀mí èèyàn, nítorí náà tí ẹ bá ti gbà á rí, ẹ wá káàdì náà jáde. Ẹni tó ti kọjá 60 tí kò gbà á rí gbọ́dọ̀ rí dókítà kí ó tó gbà á, torí abẹ́rẹ́ náà lè le jù fún àgbà. Kí bàbá lọ sí ọsibítù ẹ̀kọ́ṣẹ́ LAUTECH níbẹ̀, kí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò, kí wọ́n sì béèrè oògùn tí ń dènà ibà fún ìrìn àjò náà. Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lórí ọ̀pọ̀ ibi nínú odò yẹn. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ kí ọkàn wọn má bàa pòrúurùu. Ti oúnjẹ, ebi kò ní í pa yín: ilẹ̀ ibẹ̀ ni gbágùúdá ti wá sọ́dọ̀ wa, tí ẹ bá sì lọ sí Brazil ẹ ó bá gàrí pupa wọn lórí tábìlì, ó le lẹ́nu ju ti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ.

Nǹkan kan wà tí wọ́n lè fi lọ̀ yín létí odò: kí ẹ gbé sloth tàbí ejò ńlá mọ́ra, kí wọ́n yà yín ní fọ́tò. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe gbé e. Inú igbó ni wọ́n ti mú ẹranko náà, ọwọ́ sí ọwọ́ ni wọ́n á máa gbé e láti àárọ̀ dalẹ́, kì í sì í pẹ́ kú. Àwọn Kukama tí ń gbé létí odò Marañón gbà pé àwọn èèyàn wọn tí omi gbé lọ ṣì ń gbé ní ìsàlẹ̀ odò. Lọ́dún 2024, lẹ́yìn tí epo rọ̀bì ti dà sínú odò náà léraléra, àwọn obìnrin Kukama pe ẹjọ́, ilé ẹjọ́ kan ní Nauta sì dájọ́ pé odò Marañón fúnra rẹ̀ ní ẹ̀tọ́, ó ní ẹ̀tọ́ láti máa ṣàn láìsí ìdọ̀tí. Àwa tí a dàgbà létí odò tó ń jẹ́ orúkọ Ọbà, aya Ṣàngó, kò yẹ kí irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ ṣàjèjì sí wa.

Ohun kan péré ni mo fẹ́ kí ẹ rà: awò tí ń fa ọ̀nà jíjìn mọ́ra, irú èyí tí àwọn ṣọ́jà ń fi kọ́ ọrùn. Méjì ni kí ẹ rà, ẹyọ kan kò tó tọkọtaya, torí ẹyẹ kì í dúró de ẹni tó ń yá awò lọ́wọ́ ọkọ. Ẹ wá èyí tí wọ́n kọ 8×42 sí lára: 8 ni iye ìgbà tí ó ń sún nǹkan mọ́ ojú, 42 ni ìwọ̀n gíláàsì iwájú rẹ̀ ní mìlímítà, tí ń gba ìmọ́lẹ̀ wọlé nínú igbó tó ṣókùnkùn. Wọ́n á fẹ́ ta èyí tó ju 8 lọ fún yín. Nínú ọkọ̀, gbígbọ̀n ọwọ́ á ba á jẹ́. Ẹ fi kọ́ wíwo àwọn lékelèke Ìjẹrù láti ìsinsìnyí.

Tí àwọn ọmọ bá tún pè, ẹ bi wọ́n ní èyí: ọkọ̀ kékeré mélòó ni ìyá ọkọ̀ ní, èèyàn mélòó ni wọ́n ń kó sínú ọ̀kan, ṣé ọmọ etí odò náà ni amọ̀nà, níbo sì ni omi máa ń dé lóṣù kẹrin? Ilé iṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ á dá yín lóhùn lórí omi kíákíá. Tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ibùsùn, ẹ wá òmíràn. Ọkọ̀ tí èèyàn mẹ́jọ sí mẹ́wàá ń wọ̀ ló dára, kí ẹ̀yin àti bàbá sì jókòó síwájú, níbi tí ariwo ẹ́ńjìnnì kò ti ní í bo ohùn ẹyẹ.